Ṣọ́ọ̀bù tí ń wọn iná kí ó tó tà á: àyẹ̀wò iṣẹ́ sólà kan ní Ìkòròdú

Ṣọ́ọ̀bù kan wà lójú ọ̀nà Ṣàgámù ní Ìkòròdú tí wọ́n ti ń ta sólà, tí wọ́n sì ń bá ènìyàn tò ó sílé. Mo fẹ́ kí àwọn ará ìlú mi mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ dáadáa, kì í ṣe nítorí pé owó ọjà wọn kéré, nítorí kò kéré rárá, bí kò ṣe nítorí pé wọn kì í gba owó lọ́wọ́ oníbàárà títí wọn yóò fi ṣírò iye agbára tí ilé rẹ̀ ń jẹ lóòjọ́. Olùkọ́ físíìsì ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama níbí, ẹ̀kọ́ nípa orísun agbára tí ń tán àti èyí tí ń dọ̀tun sì wà lára ohun tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ lọ́dọọdún. Àwọn ni wọ́n to sólà tí a ń lò nílé wa, láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn títí wọ inú òjò ni a sì ti ń lò ó, nítorí náà ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ, èyí tí ó dára níbẹ̀ àti èyí tí ó yẹ kí wọ́n tún ṣe.

Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí owó lítà kan fò kọjá 500 náírà láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn tí ń ta sólà ti pọ̀ sí i ní Ìkòròdú. Nígbà tí ó sì di oṣù Kẹrin ọdún 2024, tí wọ́n gbé owó kílówáàtì-wákàtí kan sí 225 náírà fún àwọn tí wọ́n wà ní Band A, àwọn tí iná ìjọba ń wá fún dáadáa pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà mìíràn. Nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù tí ènìyàn bá wọ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọn yóò bi í: "Ṣé 1.5 ni ẹ fẹ́ àbí 3.5?" Ìwọ̀n ínfátà, ẹ̀rọ tí ń sọ iná bátìrì di irú èyí tí ohun èlò ilé ń lò, ni wọ́n ń béèrè. Bí ó bá ti dáhùn, wọn yóò kó ọjà fún un, yóò sì di ọ̀sẹ̀ kejì kí ó tó mọ̀ pé agogo mẹ́wàá alẹ́ ni iná rẹ̀ máa ń kú.

Ohun tí ó mú ṣọ́ọ̀bù tí mò ń sọ yìí yàtọ̀ ni tábìlì gígùn kan tí wọ́n gbé sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà, tí mítà kékeré kan tí ń ka wáàtì wà lórí rẹ̀. Oníbàárà lè gbé fáànù, áyọ́ọ̀nù tàbí tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ wá láti ilé, wọn yóò sì ki wáyà rẹ̀ bọ mítà náà níṣojú rẹ̀. Áyọ́ọ̀nù tí ń fa wáàtì 1,000, bí a bá fi lọ aṣọ fún wákàtí kan gbáko láìjẹ́ pé ó sinmi, kílówáàtì-wákàtí kan ni yóò jẹ. Agbára kan náà yẹn lè tan gílóòbù wáàtì 9 fún wákàtí tí ó lé ní 100. Ẹni tí ó bá ti fojú ara rẹ̀ rí i lórí mítà kì í bá wọn jiyàn mọ́ nígbà tí wọ́n bá ní kí ó yọ áyọ́ọ̀nù kúrò lára ohun tí sólà yóò máa gbé.

Ìyàtọ̀ tí tábìlì yìí ń fi hàn ni èyí tí ó máa ń pẹ́ jù kí ó tó yé àwọn ọmọ kíláàsì mi. Bí nǹkan ṣe ń fa iná kíkan tó lọ́tọ̀, àpapọ̀ agbára tí ó ń jẹ lọ́tọ̀. Wáàtì ni a fi ń wọn ti àkọ́kọ́, nítorí pé wáàtì kan ni júùlù kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti èkejì ni a ń fi kílówáàtì-wákàtí wọ̀n, tí ọ̀kan rẹ̀ sì jẹ́ júùlù mílíọ̀nù 3.6. Ínfátà ni a fi ń yan èyí tí a lè tàn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Páńẹ́ẹ̀lì àti bátìrì ni wọ́n ń pinnu iye wákàtí tí yóò fi tàn. Ẹni tí ó ń béèrè "1.5 àbí 3.5", ọ̀rọ̀ ínfátà nìkan ni ó ń sọ, kò sì tíì béèrè bóyá ọmọ wà nílé yẹn tí kì í pa fáànù tọ̀sán-tòru.

Lọ́jọ́ kan tí mo wà níbẹ̀, ìyá kan tí ń ta ẹja tútù ní ọjà Sábó wọlé wá. Ó ti mú owó dání láti ra páńẹ́ẹ̀lì méjì àti bátìrì kan fún fìrísà méjì. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó dá a lóhùn kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ kí i, ó gbé àga fún un, ó wá ní: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sanwó. Fìrísà yín ńkọ́, ṣé ó máa ń dákẹ́ díẹ̀ tàbí ó ń kùn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀?" Màmá ní ó ń kùn, ó ń dákẹ́, ó tún ń kùn. "Ó dáa, mà. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe yẹ kó rí."

Ó mú ìwé, ó sì ṣírò rẹ̀ lójú wa. Fìrísà kan ń fa nǹkan bíi wáàtì 200 nígbà tí ó bá ń kùn. Bí ó bá kùn fún ìdajì wákàtí 24, kílówáàtì-wákàtí 2.4 ni yóò jẹ lóòjọ́, méjèèjì yóò sì jẹ 4.8. Bí a bá kó gbogbo oòrùn ojúmọ́ kan ní Ìkòròdú jọ, láti ìgbà tí ó bá là títí tí yóò fi wọ̀, nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin oòrùn ọ̀sán gangan ni yóò jẹ́, ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tí páńẹ́ẹ̀lì bá mú wọlé sì lè bá ooru, wáyà àti ínfátà lọ. Páńẹ́ẹ̀lì wáàtì 400 mẹ́rin ni ìṣirò náà gbé jáde, kì í ṣe méjì. Ní ti òru, fìrísà méjèèjì yóò jẹ kílówáàtì-wákàtí 2.4 kí ilẹ̀ tó mọ́. Bátìrì tubular, irú bátìrì olójé kan, tí ó jẹ́ fóòtì 12 (12V) àti áńpíà-wákàtí 200 (200Ah) ń gba kílówáàtì-wákàtí 2.4 sára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ kí ó pẹ́ kò gbọdọ̀ fà á kọjá ìdajì, nítorí náà méjì ni màmá yóò nílò. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù kan tí ó tó kílówáàtì-wákàtí mẹ́ta lè ṣe iṣẹ́ náà, nítorí pé a lè fà á dé ìdá 80 nínú 100 láìpa á lára, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ pọ̀ jùyẹn lọ lójú ẹsẹ̀.

Owó tí màmá mú wá kò tó èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ẹ̀kọ́ wà lọ́wọ́ ọmọkùnrin náà. Kò ta ìdajì ohun tí ó yẹ fún un. Ó ní kí ó fi fìrísà kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀, kí ó sì máa to kẹ́ẹ̀gì omi sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án kí wọ́n di yìnyín. Kílò kan yìnyín gbọ́dọ̀ gba kílójúùlù 334 ooru kí ó tó yọ́ tán, bẹ́ẹ̀ sì ni ìwọ̀n ooru tàbí ìtutù rẹ̀ kò ní yí padà ní gbogbo àsìkò tí ó fi ń yọ́. Kílò mẹ́wàá yóò gba 3,340, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílówáàtì-wákàtí kan. Ooru tí ì bá wọ ara ẹja lóru, ara yìnyín ni yóò kọ́kọ́ wọ̀. Ó tún ní kí màmá da iyọ̀ díẹ̀ sí omi náà, nítorí pé omi iyọ̀ máa ń dì, ó sì máa ń yọ́, ní ìtutù tí ó kọjá ti omi lásán, ẹja kò sì ní tètè rọ̀. Báyìí ni oòrùn ọ̀sán yóò ṣe máa ṣọ́ ẹja òru, láìjẹ́ pé a ra bátìrì kún bátìrì. Mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ooru ìyọ́ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, n kò sì tíì rí ibi tí ó ti wúlò fún ọjà Sábó tó báyìí.

Lára ògiri inú ṣọ́ọ̀bù náà ni wọ́n ya àwòrán ńlá kan sí, tí ó pín orísun agbára sí apá méjì. Epo rọ̀bì, gáàsì àti èédú ilẹ̀ wà ní apá òsì, lábẹ́ àkọlé "Èyí tí ń tán". Oòrùn, afẹ́fẹ́ àti omi tí ń ṣàn wà ní apá ọ̀tún, lábẹ́ "Èyí tí ń dọ̀tun". Àwọn ọmọ ilé ìwé máa ń dúró wò ó bí wọ́n bá ń kọjá, inú mi sì dùn pé ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n tún un yà. Kò fi hàn pé oòrùn kan náà ni ó wà lẹ́yìn ohun gbogbo tí wọ́n yà síbẹ̀. Nínú oòrùn, háídírójìn ń papọ̀ di hílíọ́ọ̀mù, ìmọ́lẹ̀ tí ó ń ti ibẹ̀ wá sì ń rin nǹkan bíi mílíọ̀nù kìlómítà 150 ní ìṣẹ́jú mẹ́jọ àti díẹ̀ kí ó tó kan páànù ilé wa. Oòrùn ni ó ń fa omi òkun sókè tí ó fi ń padà di òjò, tí odò Ọya fi ń kún wọ Kainji. Òun náà ni ó ń mú ibì kan gbóná ju ibòmíràn lọ tí afẹ́fẹ́ fi ń fẹ́. Epo rọ̀bì àti gáàsì pàápàá, ara àwọn ohun abẹ̀mí kéékèèké inú omi ni, tí wọ́n ti gba oòrùn sára kí wọ́n tó kú, tí ẹrẹ̀ bò, tí ooru àti ìwúwo ilẹ̀ sì sè fún ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún.

Àkókò ni ó pín apá méjèèjì níyà. Iṣu inú abà ni epo rọ̀bì, tí gbogbo wa ń bù jẹ lójoojúmọ́ tí ẹnikẹ́ni kò sì lè gbin òmíràn tí yóò ta kí a tó kú. Ọdún 1956 ni wọ́n kan epo tí ó tó tà ní Oloibiri. Ohun tí ilẹ̀ fi ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún kó jọ, kò tíì tó ọgọ́rùn-ún ọdún tí a ti ń fà á. Àwòrán náà kò tún sọ nǹkan kan nípa igi ìdáná, bẹ́ẹ̀ sì ni igi ni a fi ń sè, tí a fi ń yan ẹja, ní ọ̀pọ̀ ilé láti Ìkòròdú títí dé Ẹ̀pẹ́. Apá wo ni a ó fi í sí? Bí a bá ń gbin igi bí a ṣe ń gé e, apá ọ̀tún ni. Bí a bá ń gé e láìgbìn, ọ̀nà apá òsì ni ó ń lọ. Yuréníọ̀mù náà yẹ ní apá òsì, nítorí pé bí kò tilẹ̀ ń rú èéfín, inú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wà á, kò sì ní rọ́pò. Àwọn ọmọ máa ń rò pé ohun tí kò bá ti rú èéfín kì í tán, àwòrán tí kò bá mẹ́nu kan èyí yóò sì fìdí àṣìṣe yẹn múlẹ̀.

Ohun tí ó dára jù nínú àwòrán náà ni pé wọ́n ya ilé iṣẹ́ iná Ẹgbin sí i. Ọmọ Ìkòròdú kò ní láti rìn jìnnà kí ó tó rí orísun agbára tí ń tán. Ẹgbin wà ní Ìjẹ̀dẹ́, létí ọ̀sà, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1985, ẹ̀rọ mẹ́fà ni ó sì ní, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè pèsè mẹ́gáwáàtì 220, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ 1,320. Wọ́n ń jó gáàsì níbẹ̀, gáàsì ń se omi di oru omi gbígbóná, oru omi náà ń yí táábáìnì, ẹ̀rọ alábẹ̀bẹ̀ ńlá, táábáìnì ń yí mágínẹ́ẹ̀tì nínú wáyà, iná sì ń jáde. Omi ọ̀sà ni wọ́n fi ń mú oru omi náà tutù padà di omi. Ohun tí ó ju ìdajì ooru gáàsì náà lọ ni kì í di iná rárá, tí ó ń bá omi àti afẹ́fẹ́ lọ, kì í sì í ṣe nítorí pé àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kò mọṣẹ́, bí kò ṣe nítorí pé òfin ooru kò gbà kí ẹ̀rọ kankan tí ń fi ooru ṣiṣẹ́ sọ gbogbo ooru rẹ̀ di iṣẹ́. Ní Kainji, tí wọ́n kọ́ tán ní ọdún 1968 tí ó sì lè pèsè mẹ́gáwáàtì 760, táábáìnì náà ni ó ń yí, ṣùgbọ́n omi tí ń já bọ́ ni ó ń yí i, òjò ọdún tí ń bọ̀ yóò sì dá omi náà padà.

Jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìnkùlé wa tún burú ju Ẹgbin lọ. Nǹkan bíi mẹ́gájúùlù 34 ni ó wà nínú lítà bẹntiróòlù kan, èyí tí ó lé ní kílówáàtì-wákàtí mẹ́sàn-án. Ó ṣòro kí jẹnẹrétọ̀ kékeré tó sọ ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ di iná. Ìyókù a di ooru, ariwo àti èéfín, afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù mónóksáìdì tí kò ní òórùn sì wà nínú èéfín yẹn, òun ni ó ń pa odidi ìdílé mọ́ ojú oorun bí wọ́n bá gbé jẹnẹrétọ̀ sí abẹ́ fèrèsé.

Páńẹ́ẹ̀lì ní tirẹ̀ kò ní ohun tí ń yí. Ìmọ́lẹ̀ ń kọlu sílíkọ́ọ̀nù, ó sì ń tú ẹlẹ́kítíróònù sílẹ̀ láti ṣàn. Edmond Becquerel ará Faransé ti rí i ní ọdún 1839 pé ìmọ́lẹ̀ lè mú iná jáde, ṣùgbọ́n ọdún 1954 ni ilé iṣẹ́ Bell Labs ní Amẹ́ríkà ṣe ti sílíkọ́ọ̀nù tí ó wúlò, tí kò sì ju nǹkan bí ìdá 6 nínú 100 oòrùn lọ tí ó lè sọ di iná. Àwọn tí wọ́n ń tà báyìí ń sọ ìdá 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ di iná. Èyí wúlò fún ẹni tí ó ń lọ sọ́jà: oòrùn ọ̀sán gangan ń gbé nǹkan bíi wáàtì 1,000 wá sórí mítà onígun mẹ́rin kan, nítorí náà páńẹ́ẹ̀lì wáàtì 400 gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin méjì. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé èyí tí kò fẹ̀ tó ìdajì ilẹ̀kùn fún yín tí ó ní wáàtì 400 ni, ẹ dá a padà. Ní ṣọ́ọ̀bù yìí, tépù wà lórí káńtà, wọ́n sì ń jẹ́ kí oníbàárà fi wọn páńẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀.

Iṣẹ́ títò wọn mọ́. Wọ́n kọ ojú páńẹ́ẹ̀lì wa sí gúúsù, wọ́n sì dà á síwájú díẹ̀ kí òjò lè máa fọ̀ ọ́. Wọ́n fi àyè sílẹ̀ láàárín rẹ̀ àti páànù kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ ni páńẹ́ẹ̀lì fẹ́, kò fẹ́ ooru: bí ara rẹ̀ bá gbóná dé ìwọ̀n 60 lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, ó lè pàdánù nǹkan bí ìdá 12 sí 14 nínú 100 agbára tí wọ́n kọ sí i lára, èyí tí wọ́n wọ̀n ní ìwọ̀n 25. Wọ́n kọ̀ láti tò ó sí apá ibi tí òjìji àgbọn ilé kejì máa ń bò lọ́sàn-án, nítorí pé òjìji tí ó bo igun kan lè fa iná gbogbo páńẹ́ẹ̀lì tí wọ́n so pọ̀ sẹ́yìn.

Owó wọn ga ju ti àwọn ṣọ́ọ̀bù mìíràn tí mo béèrè lọ́wọ́ wọn lọ, ara wáyà àti fóòtì ni ìyàtọ̀ náà sì pọ̀ sí jù. Àwọn yòókù fẹ́ to bátìrì wa ní fóòtì 12. Àwọn wọ̀nyí tò ó ní fóòtì 48. Láti gbé wáàtì 1,200, fóòtì 12 yóò rán áńpíà 100 gba inú wáyà, nígbà tí fóòtì 48 yóò rán 25 péré. Ooru inú wáyà ń pọ̀ ní ìlọ́po áńpíà nígbà áńpíà, nítorí náà, nínú wáyà kan náà, àdánù ti fóòtì 48 jẹ́ ìdá kan nínú 16 ti fóòtì 12. Wáyà tí ó gbóná ni ó ń jó ilé, mo sì san owó náà láìdun ara mi.

Ẹjọ́ tí mo ní pẹ̀lú wọn kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó wúwo. Wọ́n kọ ọ́ sára pátákó wọn pé "Iná ọ̀fẹ́ títí láé", kò sì rí bẹ́ẹ̀. Oòrùn ni ọ̀fẹ́. Sílíkọ́ọ̀nù inú páńẹ́ẹ̀lì, inú iná ìléru tí ó gbóná ju ìwọ̀n 1,400 lọ ni ó ti jáde, èédú ilẹ̀ ni ó sì ń pèsè púpọ̀ nínú iná tí wọ́n fi ń ṣe é ní Ṣáínà. Òjé inú bátìrì tubular àti lítíọ́ọ̀mù inú èkejì, inú ilẹ̀ ni wọ́n ti wà wọ́n, wọn kì í dọ̀tun. Orísun agbára wa ń dọ̀tun. Àwọn ohun tí a fi ń gbà á ń gbó. Ìwé ìléwọ́ wọn náà sọ pé wákàtí mẹ́fà oòrùn ni kí a fi ṣírò, bẹ́ẹ̀ sì ni ọmọkùnrin tí ó dá màmá ẹlẹ́ja lóhùn fi mẹ́rin ṣírò, òun ni ó sì tọ̀nà. Wákàtí mẹ́fà lè bá Kánò àti Sókótó mu nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní Ìkòròdú, nínú òjò oṣù Keje, bátìrì wa kì í kún lọ́jọ́ mìíràn. Kí wọ́n tún ìwé náà tẹ̀.

Èyí tí ó ká mi lára jù ni pé wọn kò ní ètò kankan fún bátìrì tí ó bá kú. Ògìjó tí ó bá Ìkòròdú pààlà ni wọ́n ti ń yọ́ òjé láti inú bátìrì àlòkù, a sì mọ ohun tí òjé ń ṣe fún ọpọlọ ọmọdé bí ó bá wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo béèrè ibi tí bátìrì wa yóò gbà lọ lẹ́yìn ọdún mélòó kan, wọ́n ní kí n tà á fún àwọn tí ń ra irin àlòkù. Ṣọ́ọ̀bù tí ó mọ ìṣirò tó báyìí kò yẹ kí ó fún ènìyàn ní irú èsì bẹ́ẹ̀. Mo ti kọ̀wé sí ọ̀gá wọn pé kí wọ́n máa gba bátìrì tí wọ́n tà padà, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú risíìtì, n kò sì ní dákẹ́ lórí rẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ kí wọ́n to sólà fún òun láàárín ọjọ́ méjì, kí ó má lọ síbẹ̀, nítorí pé wọ́n á kọ́kọ́ wá wo òrùlé, wọ́n á sì tún padà wá kí wọ́n tó mú irinṣẹ́ dání. Ẹni tí ó bá lè dúró, kí ó kọ gbogbo ohun tí ń fa iná nílé rẹ̀ sílẹ̀, kí ó kọ wákàtí tí ó ń lo ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ó sì gbé èyí tí kò mọ wáàtì rẹ̀ dání lọ sórí tábìlì yẹn. Ọ̀sán ọjọ́ àárín ọ̀sẹ̀ ni kí ó lọ. Lọ́jọ́ Sátidé, èrò máa ń pọ̀ débi pé wọn kì í ráyè wọn nǹkan fún gbogbo ènìyàn.